Lọ́ tìkọ̀ kì í ṣe kọ̀: ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ gan-an

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìròyìn méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ní, "Gómìnà kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin." Èkejì ní, "Gómìnà ń lọ́ tìkọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin." Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ka méjèèjì á gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n sọ, pé ẹni tó kọ èkejì kàn fẹ́ kí Yorùbá tirẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìròyìn àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí: wọ́n gbé ìwé wá, gómìnà ní òun ò fọwọ́ sí i. Nínú èkejì, ìwé ṣì wà lórí tábìlì, bíírò ṣì wà nítòsí, ọwọ́ ni kò yá. Ẹni tó bá lọ sọ fún ará ilé pé "gómìnà ti kọ̀" lẹ́yìn tó ka ìròyìn kejì ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ lórí rédíò, nínú ìwàásù, nínú ìwé ìròyìn, àti lẹ́nu ẹni tí a bá jẹ ní gbèsè. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ènìyàn mẹ́wàá sọ ìtumọ̀ rẹ̀, márùn-ún á ní "kíkọ̀" ni, mẹ́ta á ní "ọ̀lẹ" ni, àwọn tó kù á ní "kí nǹkan falẹ̀" ni. Gbogbo wọn gbá a létí, kò sí ẹni tó gbá a mú.

Kí ni kí ènìyàn lọ́ tìkọ̀?

Ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ ní ohun kan níwájú tó yẹ kó ṣe, tàbí tí wọ́n ní kó ṣe. Inú rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò tíì là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní í ṣe é.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àlàyé yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pé. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni, kò sí ohun tí yóò máa lọ́ tìkọ̀ sí. Bí inú rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, tó kàn jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dí, ọwọ́ rẹ̀ dí ni, kò lọ́ tìkọ̀. Bó bá sì ti la ẹnu pé "mi ò ṣe," ó ti kúrò nídìí lọ́ tìkọ̀, ó ti bọ́ sídìí kọ̀.

Ẹ wo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó dìde lọ wẹ̀ nígbà tí eré orí tẹlifíṣọ̀n dùn dé góńgó. Ó dáhùn pé, "Mo ń bọ̀, mà." Kò dìde. Ìyá tún pè é. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti orí àga, ó fi èkejì síbẹ̀, ojú ò kúrò lára eré. Lẹ́ẹ̀kẹta ó dìde, ó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, ó ń wẹ̀yìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọmọ yẹn kò sọ pé rárá nígbà kankan. Ó wẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pè é títí omi fi kàn án lára, lílọ́ tìkọ̀ ló ń lọ́ tìkọ̀.

Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ ká tú u sí wẹ́wẹ́. "Lọ́" yìí ni lọ́ tí à ń lò bí a bá lọ́ aṣọ tútù kí omi lè jáde lára rẹ̀, tàbí tí a bá lọ́ okùn. Òun náà ló wà nínú "ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀," nítorí ohun tó bá ti lọ́ ara wọn pọ̀ kì í rọrùn láti tú. Ó tún wà nínú "ìlọ́nilọ́wọ́gbà," ìwà ẹni tó ń fi agbára já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: bí ẹni pé ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ, ó gba ohun tó wà níbẹ̀. "Lọ́ra" náà kò jìnnà, ara ni ó lọ́ níbẹ̀.

"Tìkọ̀" ní tirẹ̀ rí bí "tìfẹ́tìfẹ́," "tayọ̀tayọ̀," àti "tọkàntọkàn." Nínú gbogbo wọn, "ti" ló ṣáájú, tí ohun tó wà nínú ènìyàn sì tẹ̀ lé e: ti ìfẹ́, ti ayọ̀, ti ọkàn. Ní ti èyí, ti ìkọ̀ ni. Kọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni kọ̀ tí à ń pè nígbà tí a bá sọ pé "bó fẹ́, bó kọ̀," òdìkejì fẹ́.

Bí a bá wá so méjèèjì pọ̀, ara tó ń lọ́ pẹ̀lú ìkọ̀ nínú la ní. Ẹni tó ti fa ewúrẹ́ lókùn rí mọ àwòrán yìí dáadáa. Ewúrẹ́ náà ń bọ̀ o, nítorí okùn ń fà á. Ṣùgbọ́n ó yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, ẹni tó ń fà á sì ní láti fi ara tì í. Ibi tí okùn ń fà á lọ àti ibi tí ọkàn rẹ̀ wà kì í ṣe ibì kan náà. Ìkọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń ṣì í gbọ́. Àmọ́ inú ló wà, kò tíì dé ẹnu.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí kọ̀?

Ìdánwò kan wà tó rọrùn. Mú gbólóhùn rẹ, kí o fi "ṣùgbọ́n ó ṣe é nígbẹ̀yìn" sí i nídìí. "Ó lọ́ tìkọ̀ láti bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ó lọ nígbẹ̀yìn." Ó bára mu, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè nǹkan kan. Ẹ wá gbìyànjú tibí: "Ó kọ̀ jálẹ̀ láti bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ó lọ nígbẹ̀yìn." Ẹni tó ń gbọ́ ọ á dá ọ dúró: kí ló yí i lọ́kàn padà? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Kíkọ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ṣí i. Lọ́ tìkọ̀ ò ti ilẹ̀kùn kankan, àlàfo ṣì wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú àkókò. Ojú ẹsẹ̀ ni ènìyàn ń kọ̀. A lè sọ pé, "Ó kọ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ àná," kó sì bá etí mu. Ṣé ẹnikẹ́ni lè lọ́ tìkọ̀ ní agogo mẹ́wàá? Ó ṣòro. Lọ́ tìkọ̀ máa ń gba àkókò: "Ó ti ń lọ́ tìkọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá." Nítorí èyí ni "ń" fi máa ń ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí a ń gbọ́.

Ìyàtọ̀ kẹta ló sì wúlò jù fún ẹni tó ń ka ìròyìn. Kọ̀ ń sọ àbájáde: a mọ̀ pé kò ṣe é. Lọ́ tìkọ̀ kò sọ àbájáde kankan, bí nǹkan ṣe ń lọ ló ń sọ. Bí wọ́n bá ní báǹkì kan ń lọ́ tìkọ̀ láti yá àwọn àgbẹ̀ lówó, a ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n yá wọn tàbí wọn ò yá wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n yá wọn, lẹ́yìn ìwé méje àti àlọ-àbọ̀ oṣù mẹ́fà.

Yorùbá ní àtẹ̀gùn gígùn fún ọ̀rọ̀ yìí, láti orí ìfẹ́ títí dé orí agídí. Ẹni tó gbà tayọ̀tayọ̀ wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó gbà láìjanpata. Ẹni tó ń ṣiyèméjì tẹ̀ lé e, ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni kọ̀, lẹ́yìn náà kọ̀ jálẹ̀, kó tó wá kan ẹni tó fàáké kọ́rí àti ẹni tó yarí, tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn mọ́. Lọ́ tìkọ̀ ni ibi ìkẹyìn tí ẹ̀bẹ̀ tàbí àlàyé díẹ̀ ti lè yí nǹkan padà kí ẹnu tó sọ pé rárá. Ẹni tó bá pe lọ́ tìkọ̀ ní kọ̀ ti fo ìgbésẹ̀ kan nínú àtẹ̀gùn yìí.

Ṣé ẹni tó lọ́ra náà ló ń lọ́ tìkọ̀?

Rárá. Ẹni tó lọ́ra lè jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, tàbí pé orúnkún ń dùn ún. Ìjàpá lọ́ra. Íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ra. A ò lè sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ́ tìkọ̀, àfi bí a bá ń fi ṣẹ̀fẹ̀, nítorí kò ní inú tí yóò fi kọ̀. Ohun tó ní inú ló ń lọ́ tìkọ̀: ènìyàn, ẹran, àti ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn wà nídìí rẹ̀.

Ẹni tó jáfara mọ̀ pé ohun náà dára fún òun, ó kàn jẹ́ kí àkókò kọjá mọ́ òun lórí ni. Ẹni tó ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, iṣẹ́ ló ń fi falẹ̀, ó lè jẹ́ torí pé ó ń lọ́ tìkọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìwà rẹ̀ nìyẹn lórí ohun gbogbo, títí kan ohun tó fẹ́ràn. Ọ̀lẹ ní tirẹ̀ kì í mú iṣẹ́ kan yà sọ́tọ̀, gbogbo iṣẹ́ ni kò fẹ́. Akíkanjú gidi lè lọ́ tìkọ̀ sí ohun kan ṣoṣo. Mo gbà pé àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń jẹ́ ká bú àwọn ọmọ tí kò yẹ ká bú: ọmọ tó ń lọ́ tìkọ̀ láti lọ sí ilé ìwé lè jẹ́ ọmọ tó ń yọ̀ mọ́ gbogbo iṣẹ́ ilé, a jẹ́ pé ohun kan wà ní ilé ìwé tó yẹ ká béèrè.

Ṣiyèméjì ló sún mọ́ ọn jù, òun ló sì ń da àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì láàmú jù. Ẹni tó ń ṣiyèméjì kò tíì mọ èyí tó fẹ́. Iyè rẹ̀ pín sí méjì. Ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ mọ ohun tí òun fẹ́ àti èyí tí òun ò fẹ́, ohun mìíràn ló ń tì í. Bí o bá fẹ́ ran ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, fún un ní ìmọ̀ sí i, kó lè yan ọ̀kan. Ìmọ̀ nìkan ò lè ran ẹni kejì lọ́wọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù tàbí tó ń kó o nírìíra lo máa wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ò gba àlàyé gígùn. Fà sẹ́yìn àti tàdí mẹ́yìn ń tọ́ka sí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ti ṣèlérí kó tó padà. Kùn àti ráhùn, ẹnu ni wọ́n wà: ẹnì kan lè kùn títí kó sì tètè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn á lọ́ tìkọ̀ láìsọ̀rọ̀ kankan. Dágunlá ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn lọ́kàn.

Ẹni tí wọ́n fipá mú ńkọ́?

Níbí, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìlọ́tìkọ̀ wà nínú ẹni, ipá máa ń ti ìta wá. Wọ́n lè pàdé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ nípa ìtọrẹ nínú 2 Kọ́ríńtì 9:7 ya méjèèjì sọ́tọ̀ gbangba: kí ẹni tó ń fúnni má ṣe é pẹ̀lú inú tí kò fẹ́, kó má sì ṣe é nítorí pé ó di dandan fún un. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni, kò ní í dá wọn dárúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ènìyàn lè lọ́ tìkọ̀ láti fúnni ní nǹkan nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú un, ojú tì í ni, tàbí ó ń ro owó tó kù sílé. Bí wọ́n bá sì fi ìbọn gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má sọ pé ó lọ́ tìkọ̀ kó tó mú un wá. Tipátipá ni wọ́n gbà á.

Ohun mìíràn tún wà: agbára. Lọ́ tìkọ̀ gbà pé ẹni náà lè ṣe é bó bá fẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó lówó lọ́wọ́, tó ń sọ pé "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òun ló ń lọ́ tìkọ̀ láti san án. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ò lọ́ tìkọ̀, kò rí i san ni. Nítorí náà, bí a bá kọ ọ́ nípa ẹnì kan pé ó ń lọ́ tìkọ̀ láti san owó, ẹ̀sùn ni a fi kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. À ń sọ pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ ká ti rí owó náà ká tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó sì ń díbọ́n? Wọ́n fi oúnjẹ lọ àlejò, ó ní òun ti yó, wọ́n tún fi lọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, lẹ́ẹ̀kẹta ó fọ ọwọ́. Kò lọ́ tìkọ̀. Inú rẹ̀ fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu ló fi kọ̀ ọ́ nítorí ọmọlúàbí. Ní ti lọ́ tìkọ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni: ẹnu lè gbà, inú ni kò gbà.

Báwo la ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn?

Bí ohun tí ènìyàn ò fẹ́ ṣe bá jẹ́ ìṣe, "láti" ló máa ń tẹ̀ lé e: "Wọ́n ń lọ́ tìkọ̀ láti jẹ́rìí." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí ètò, a máa ń lo "lórí" tàbí "nípa": "Ẹgbẹ́ náà ń lọ́ tìkọ̀ lórí àbá yìí." A kì í fi ènìyàn tàbí nǹkan tẹ̀ lé e tààrà. "Ó ń lọ́ tìkọ̀ iṣẹ́" kò dùn létí.

Bí a bá sọ ọ́ di orúkọ, ìlọ́tìkọ̀ ló ń jẹ́: "Pẹ̀lú ìlọ́tìkọ̀ ló fi gbé e fún mi." A tún lè sọ pé, "Ó ṣe é tìlọ́tìkọ̀." Bí ènìyàn bá ṣe nǹkan láìjanpata, "láìlọ́tìkọ̀" ni.

Ibi tí gbólóhùn ti máa ń dàrú ni ibi tí a bá ti fi "kò" tàbí "má" kún un. "Kò lọ́ tìkọ̀ láti sanwó" túmọ̀ sí pé ó sanwó, ó sì tètè san án. Ẹni tó ń kánjú kà á lè rò pé kò san án. "Ó ń lọ́ tìkọ̀ láti má sanwó" burú ju ìyẹn lọ. Ohun tó sọ ni pé kò fẹ́ fi owó náà sílẹ̀ láìsan, òdìkejì pátápátá ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ìkọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ẹ má fi "má" kejì lé e.

Ohùn rẹ̀ ni mí, dò, dò: lọ́ tì-kọ̀. Bí o bá gbàgbé àmì orí lọ́, o ti kọ "lọ tìkọ̀," ẹsẹ̀ ló sì ti kó sí i, ẹnì kan ti ń rin ìrìn àjò. Nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, kọ ọ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó bá jẹ́ orúkọ, so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìlọ́tìkọ̀.

Ṣé a lè sọ ọ́ sí ẹni lójú?

Sí ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni. Sí ẹgbẹ́ ẹni, tí ọ̀rẹ́ bá wà. Sí àgbà, ó le. "Ẹ̀ ń lọ́ tìkọ̀, sà" ti di ẹ̀sùn, nítorí o ti wọ inú rẹ̀ lọ, o sì ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ á ní, "Ó jọ pé ọkàn yín ò tíì gbà á, sà." Ọkàn ló gbé ẹ̀bi náà fún, kò gbé e fún bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń ṣe fún ara wa: "Ẹsẹ̀ mi ò gbé e," "Ara mi ò gbà á." Ó ṣọ̀wọ́n kí Yorùbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mò ń lọ́ tìkọ̀" lórí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tó bá ti kọjá ló máa ń rọrùn: "Mo kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀ o."

Ibo ni àṣìṣe rẹ̀ ti ń dá wàhálà sílẹ̀?

Ní ilé ìwòsàn, bí aláìsàn bá ń lọ́ tìkọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ìjíròrò ló kù: ẹ̀rù wo ló ń bà á, kí ni kò yé e, ta ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ sí i? Bí ògbufọ̀ bá sọ fún dókítà pé "ó kọ̀," ìjíròrò yẹn lè dópin, kí wọ́n sì gbé ìwé mìíràn wá, èyí tó ní òun kò gba ìtọ́jú náà. Ọ̀rọ̀ kan ló yí ọ̀nà padà. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, "ó gbà pẹ̀lú ìlọ́tìkọ̀" túmọ̀ sí pé ó gbà. Ìbò rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ò lè kà á mọ́ àwọn tó lòdì sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ gómìnà. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, gómìnà ní 30 ọjọ́ láti ìgbà tí àbádòfin bá ti dé iwájú rẹ̀ láti fọwọ́ sí i tàbí kó sọ pé òun ò fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sọ ọ́ di òfin láìsí òun. Nítorí náà, "kọ̀" ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀. "Lọ́ tìkọ̀" kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹwàá nìyí, tí gómìnà kò sì tíì sọ̀rọ̀ rárá, oníròyìn ò mọ inú rẹ̀, kò sì yẹ kó lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Gómìnà kò tíì buwọ́ lù ú" ló yẹ kó kọ.